Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Àwọn Ẹgbẹ́ Òṣèlú Lórí Òfin Iná Mànàmáná: Àgbéyẹ̀wò Láti Òṣòdì

Ẹni tó bá ń fi ojú ìpolongo ìbò nìkan wo òṣèlú Nàìjíríà yóò rò pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹgbẹ́ APC àti PDP lè panu pọ̀ sọ, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Àbújá kò gbè é lẹ́yìn, nítorí àwọn òfin tó tóbi jù lọ lórí epo rọ̀bì àti iná mànàmáná láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé ni ọwọ́ ju ẹgbẹ́ kan lọ wà nínú wọn, tó fi jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ alátakò gan-an ló gbé èyí tó ń ṣàkóso iná lónìí kalẹ̀. Àgbéyẹ̀wò yìí ń wá ohun tó mú irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe, ohun tó ti bà á jẹ́ nígbà mìíràn, àti ohun tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, níbi tí aránṣọ, onígbàjámọ̀, ẹlẹ́ja dídì àti àwọn tó ń lọ ata ti ń fi iná ọba wá oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé òǹkàwé ibi tí agbára láti ṣòfin lórí iná wà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 pín ọ̀rọ̀ ìṣàkóso sí ìsọ̀rí: àwọn kan wà tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, bí epo rọ̀bì, àwọn mìíràn sì wà tí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ ní àṣẹ lé lórí, tí iná mànàmáná sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 2023, ìdè kan wà lára àṣẹ tí ìwé òfin náà fi lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ó ní kìkì ní agbègbè tí wáyà iná àpapọ̀ kò dé ni ìpínlẹ̀ ti lè ṣòfin lórí pípèsè iná, gbígbé e kiri àti pípín in. Wáyà iná àpapọ̀ yìí, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní gíríìdì, ni okùn ńlá tó so àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń ṣe iná mọ́ àwọn ìlú tí wọ́n ti ń lò ó, kò sì sí àdúgbò kan tó lórúkọ ní ìgboro Èkó tí kò dé. Àṣẹ tí Èkó ní lórí iná wá di àṣẹ orí ìwé lásán, ìlú tí ọjà àti ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ ní orílẹ̀-èdè kò sì lè fi òfin tirẹ̀ ṣètò iná tó ń wọ ilé àwọn èèyàn rẹ̀.

Kí ọdún 1999 tó dé, ẹgbẹ́ òṣèlú kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe nídìí òfin iná. Èkó ni iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní Nàìjíríà, ní 1896. Ìjọba amúnisìn ló fi òfin dá àjọ ECN sílẹ̀ ní 1950, ìjọba ológun ló sì da ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bójú tó àwọn ìsédò ní 1972, tí àwọn méjèèjì fi di NEPA, orúkọ tí ará Òṣòdì ṣì fi ń pe ẹnikẹ́ni tó bá gbé àkàbà wá sídìí òpó iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kúrò nínú òfin fún ogún ọdún. Àṣẹ ológun kì í ní kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, kì í sì í ní ìjókòó tí wọ́n ti ń gbọ́ ti aráàlú. Ohun tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ti di òfin.

Ìgbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ di ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP ni àwọn ẹgbẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú láti jọ ru ẹrù iná, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ni wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀, kì í ṣe ilé aṣòfin. Ọbásanjọ́ mú Olóyè Bọ́lá Ìgè, àgbà kan nínú ẹgbẹ́ AD tó gba gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù nínú ìbò ọdún 1999, ó sì fi iṣẹ́ iná lé e lọ́wọ́. Ìgè ṣèlérí àyípadà kíákíá, àmọ́ kí ìlérí náà tó ṣẹ, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní ọdún 2000. Kí ààrẹ yá ènìyàn kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alátakò yàtọ̀ gédégédé sí kí ẹgbẹ́ méjì jókòó kọ òfin pọ̀, nítorí mínísítà lè lọ lọ́la, ohun tó sì ṣèlérí yóò bá a lọ, ṣùgbọ́n òfin yóò dúró títí di ìgbà tí ilé aṣòfin mìíràn yóò fi pa á rẹ́.

Ní àkókò kan náà, gómìnà Èkó, Bọ́lá Tinúbú, tí òun náà wà nínú AD, bá ilé-iṣẹ́ Enron ti Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé kí wọ́n wá pèsè iná fún ìpínlẹ̀ náà. Orí wáyà NEPA ni iná yẹn ní láti gbà, NEPA sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, nítorí náà àdéhùn tí Èkó fọwọ́ sí di ọ̀rọ̀ Àbújá. Wọ́n tún un kọ, ilé-iṣẹ́ AES gba iṣẹ́ náà, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé ka orí ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀gbìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 270, èyí tí NEPA ń rà tó sì ń dà mọ́ iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Èkó fi owó àti orúkọ rẹ̀ wá iná, ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí ó lè sọ pé Òṣòdì tàbí Ìkẹjà ni kí iná náà kọ́kọ́ dé. Àwọn tó ka ọ̀rọ̀ yìí sí ìjà PDP àti AD nìkan kò wo ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí bí ẹgbẹ́ kan náà bá tilẹ̀ wà ní Alausa, níbi tí ìjọba Èkó wà, àti ní Àbújá, ìdè inú ìwé òfin náà ì bá ṣì wà níbẹ̀.

Òfin Àtúntò Ẹ̀ka Iná tí Ọbásanjọ́ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2005 ló fi òpin sí NEPA. Ó dá PHCN sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí wọ́n yóò tú ká, ó sì dá NERC sílẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní ìwé àṣẹ, tó sì ń sọ iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Wọ́n tú PHCN sí ilé-iṣẹ́ 18, mẹ́fà tó ń ṣe iná, ọ̀kan tó ń gbé e kiri, mọ́kànlá tó ń pín in, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan fa àwọn ilé-iṣẹ́ apíniná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Báyìí ni Òṣòdì ṣe bọ́ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ Ikeja Electric, tó fi àdúgbò náà ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtàn òfin epo rọ̀bì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí PIB, ló ṣe àlàyé jù lọ nípa ìdí tí àbádòfin kan fi lè kú lọ́wọ́ ilé mẹ́ta kó tó yè lọ́wọ́ ẹ̀kẹrin. Ọdún 2008 ni ìjọba Ààrẹ Yar'Adua kọ́kọ́ gbé e wá. PDP ló ní ọ̀pọ̀ ìjókòó nínú ilé méjèèjì nígbà náà, òun ló sì wà ní ipò ààrẹ, síbẹ̀ àbádòfin náà kò já mọ́ nǹkan kan. Jonathan gbé e padà wá ní 2012, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin sì fọwọ́ sí i nígbà tí sáà wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní 2015, ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ alátakò ló ń dí òfin lọ́wọ́ ni, ó yẹ kí òfin yìí ti jáde láàárín ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo fi di gbogbo rẹ̀ mú. Ohun tó dí i lọ́wọ́ ni àríyànjiyàn láàárín àwọn tí epo ń jáde lórí ilẹ̀ wọn àti àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún, láàárín ilé-iṣẹ́ epo àti ìjọba, àti láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin tuntun yóò gba agbára lọ́wọ́ wọn.

Ilé aṣòfin kẹjọ, tí Bùkọ́lá Sàràkí jẹ́ ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà rẹ̀, dá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n gé àbádòfin ńlá náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n mú apá tó dá lórí ìṣàkóso ẹ̀ka epo, wọ́n fi síwájú, ilé méjèèjì sì fọwọ́ sí i, àwọn àgbà ní 2017, àwọn aṣojúṣòfin ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018. Àwọn ọmọ APC àti PDP jọ ṣe iṣẹ́ yẹn. Ààrẹ Muhammadu Buhari kò buwọ́ lù ú. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣe kókó fún ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí gbé dání, nítorí ó fi hàn pé ìrẹ́pọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ nínú ilé aṣòfin kò tó bí ẹni tó ni kálámù ìkẹyìn kò bá sí nínú ìjíròrò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, Buhari fúnra rẹ̀ gbé PIB tuntun wá, ilé méjèèjì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021, ó sì di òfin ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ. Ibi tí ìjà gbóná sí jù lọ ni iye tí ilé-iṣẹ́ epo yóò máa yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa epo: àwọn aṣojúṣòfin kọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ náà ná sórí iṣẹ́ ní ọdún tó kọjá, àwọn àgbà kọ ìdá mẹ́ta, ìgbìmọ̀ tí ilé méjèèjì yàn láti mú ẹ̀dà méjì náà ṣọ̀kan sì mú ìdá mẹ́ta. Òfin kan náà tún ya ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún èrè epo àti gáàsì NNPC sọ́tọ̀ fún wíwá epo ní àwọn agbègbè tí wọn kò tíì rí i, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní àríwá. Nígbà tí àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Èkó ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún yẹn, lábẹ́ alága wọn Rótìmí Akérédolú tó jẹ́ ọmọ APC, wọ́n kọ ìdá mẹ́ta náà, wọ́n sì kọ ìdá ọgbọ̀n náà. Àwọn gómìnà PDP wà lára àwọn tí ìpinnu yẹn ti ẹnu wọn jáde. Lọ́jọ́ yẹn, APC gúúsù àti PDP gúúsù wà ní ìhà kan, APC àríwá sì wà ní ìhà kejì. Ààlà tó gba àárín òfin agbára kọjá ní Nàìjíríà kì í ṣe ààlà ẹgbẹ́ rárá, bí kò ṣe ti ilẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń ka iye APC àti PDP kó tó sọ bóyá òfin kan yóò jáde ń ka ohun tí kò kàn án.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Nàìjíríà. Ní ọdún 2005 kan náà tí Ọbásanjọ́ buwọ́ lu òfin iná, Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lu òfin agbára ńlá kan ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣòfin méjì tó sì ṣe agbátẹrù rẹ̀ nínú ilé àgbà ni Pete Domenici ti ẹgbẹ́ Republican àti Jeff Bingaman ti ẹgbẹ́ Democrat. Ìpínlẹ̀ New Mexico ni àwọn méjèèjì ti wá, ìpínlẹ̀ tó ní epo, gáàsì àti àwọn ilé ìwádìí ìjọba lórí agbára átọ́míìkì. Ó ṣòro láti sọ pé kì í ṣe ilẹ̀ ló so wọ́n pọ̀ ju ìfẹ́ àlàáfíà lọ. Ohun mìíràn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ìlànà ilé náà, tó jẹ́ pé bí àwọn kan bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gígùn dí àbádòfin lọ́wọ́, ohùn 60 nínú 100 ni wọ́n nílò láti fòpin sí i, tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù sábà máa ń ní láti tọrọ ìbò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì.

Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ náà ló wà nídìí àyípadà tó dé bá iná ní Nàìjíríà. Abala kẹsàn-án ìwé òfin sọ pé àtúnṣe sí ìwé òfin gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohùn 73 nínú 109 lọ́dọ̀ àwọn àgbà àti 240 nínú 360 lọ́dọ̀ àwọn aṣojúṣòfin, kó sì tún rí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìpínlẹ̀ tí gómìnà APC ń ṣàkóso kò ju 21 lọ. Láìsí àwọn ìpínlẹ̀ PDP, kò sí bí àtúnṣe kankan ṣe lè dé ibi tó ń lọ. Igbákejì ààrẹ ilé àgbà, Ovie Omo-Agege, ló darí ìgbìmọ̀ àtúnṣe náà níbẹ̀. Wọ́n dìbò lórí àbá 68 ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n fi èyí tó yege ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀, Buhari sì buwọ́ lu 16 nínú wọn ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ọ̀kan nínú àwọn 16 yìí ló yọ gbólóhùn náà nípa ibi tí wáyà àpapọ̀ kò dé kúrò. Gbólóhùn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n òun ló ti Èkó mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn láti 1999.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí àwọn gómìnà ẹgbẹ́ méjèèjì kò fi bá àtúnṣe yẹn jà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kankan, kò fi owó ìpínlẹ̀ kan fún èkejì, ó sì fún gbogbo wọn ní àṣẹ tuntun tí ẹni tó bá fẹ́ lè lò, tí ẹni tí kò bá fẹ́ sì lè fi sílẹ̀. PIB gbọ́dọ̀ pín owó epo láàárín àwọn tí ebi ń pa, àtúnṣe iná kàn pín àṣẹ ni, ìyàtọ̀ yẹn sì ni ó mú kí ọ̀kan gba ọdún mẹ́tàlá kí èkejì sì gba nǹkan bí ọdún kan.

Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 tẹ̀lé àtúnṣe yẹn pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tó gbé àbádòfin náà dìde, tó sì tọ́ ọ dàgbà nínú ilé àgbà, ni Gabriel Suswam, gómìnà Benue nígbà kan rí, ọmọ PDP, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná nínú ilé tí APC ti ní ọ̀pọ̀ ìjókòó. Ilé àgbà fọwọ́ sí i ní oṣù keje ọdún 2022. Àṣà kan wà nínú ilé aṣòfin Nàìjíríà tí àwọn òǹkàwé kì í sábà kíyè sí: wọn kì í fi gbogbo ipò alága ìgbìmọ̀ fún ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù, wọ́n máa ń fi díẹ̀ fún àwọn alátakò tó ní ìrírí, kì í sì í ṣe àánú lásán, nítorí ẹni tó fẹ́ di ààrẹ ilé náà nílò ìbò gbogbo ẹgbẹ́. Ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ gidi ti ń gbà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ alátakò, ó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ilé kẹwàá, níbi tí Enyinnaya Abaribe, tí kì í ṣe ọmọ APC, ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ kan náà. Suswam pàdánù ìjókòó rẹ̀ nínú ìbò ọdún 2023, Buhari sì fi ipò sílẹ̀ láìbuwọ́ lu àbádòfin rẹ̀. Bọ́lá Tinúbú, gómìnà tí ọ̀rọ̀ Enron kan ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, ló buwọ́ lù ú ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kò tíì pé oṣù kan tó gorí àga. Òfin náà pa ti ọdún 2005 rẹ́, ó sì jẹ́ kí ìpínlẹ̀ tó bá ti ṣe òfin tirẹ̀ gba ìṣàkóso ọjà iná rẹ̀ lọ́wọ́ NERC láàárín oṣù mẹ́fà.

Bí wọ́n ṣe ń gbà á kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ni Èkìtì àti Òǹdó tí APC ń ṣàkóso àti Enugu tó wà lọ́wọ́ PDP nígbà náà. Ọ̀yọ́ tí òun náà jẹ́ ti PDP nígbà náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Tinúbú tún buwọ́ lu àtúnṣe kan tí Babajimi Benson, aṣojúṣòfin láti Ìkòròdú, gbé wá, tó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iná máa ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ lọ́dún sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tí wọ́n wà. Ìkòròdú ni Ẹ̀gbìn wà, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé láti ibẹ̀ ni ohùn yẹn ti wá.

Títí débi yìí, ìtàn ìrẹ́pọ̀ dára. Ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ máa ń rọrùn nígbà tí wọ́n bá ti gbé ohun tó le kúrò lórí tábìlì, ohun tó le jù lọ nínú ọ̀rọ̀ iná sì ni iye tí oníbàárà yóò san àti ohun tí yóò fi san án. Femi Gbajabiamila, aṣojú Súrùlérè tó di olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin ní 2019, gbé àbádòfin kan dìde tí yóò sọ owó àfojúbù di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Owó àfojúbù ni èyí tí ilé-iṣẹ́ iná ń fojú dá fún ẹni tí kò ní mítà, tí wọ́n lè gbé ìwé owó ńlá fún ẹni tí kò lo iná tó bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣòfin láti gbogbo ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ gbè é lẹ́yìn, nítorí kò sí aṣòfin tí àwọn èèyàn rẹ̀ kì í sunkún ìwé iná sí létí. Síbẹ̀ kò di òfin tó dá dúró. NERC ló fi àṣẹ tirẹ̀ dá òdiwọ̀n sí i ní 2020. Gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ràn oníbàárà lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí gómìnà tàbí agbègbè kan tí yóò jèrè rẹ̀ ju òmíràn lọ, kò sì sí ẹni tó ní ìdí láti jà á títí dópin.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC sọ owó àwọn oníbàárà ìpele A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, di náírà 225 fún yúníìtì kan, láti nǹkan bíi náírà 68. Obìnrin tó ń ta ẹja dídì ní Òṣòdì, bí firísà rẹ̀ bá ń jẹ yúníìtì mẹ́ta lójúmọ́, yóò lo 90 lóṣù, owó rẹ̀ yóò sì fò láti náírà 6,120 sí 20,250 kó tó tan gílóòbù kankan. Fíídà ni wọ́n ń fi ìpele lé, kì í ṣe ilé tàbí òpópónà. Fíídà sì ni okùn wáyà kan tó ń gbé iná láti ibùdó kékeré lọ sí àwọn tiransifọ́mà àdúgbò. Ìdí nìyẹn tí ilé méjì tó kọjú síra wọn ní Máfolúkù ní Òṣòdì fi lè máa san owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún yúníìtì kan náà, bí tiransifọ́mà wọn kò bá gba iná lórí fíídà kan náà. Nígbà tí tiransifọ́mà bá sì jó, àwọn onílé àti ayálégbé ló sábà máa ń dáwó tún un ṣe, láìka ìpele tí wọ́n wà sí. Lẹ́yìn tí owó gòkè, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin ké sí NERC pé kí ó dá a dúró, ọmọ ẹgbẹ́ gbogbo sì fọwọ́ sí ìpè náà; ìpè kì í ṣe òfin, owó náà sì dúró, yàtọ̀ sí àwọn náírà díẹ̀ tó ń wálẹ̀ tàbí gòkè láti ìgbà dé ìgbà.

Àwọn ará Òṣòdì kò jìnnà sí òṣèlú ẹgbẹ́ púpọ̀ rárá. Ìjókòó méjì ni ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin. Ní 2015, Tony Nwulu ti PDP gba ọ̀kan; ní 2019 APC gbà á padà; ní 2023, Okey-Joe Onuakalusi ti ẹgbẹ́ LP ló wọlé sórí ìjókòó kan náà, tí Bashiru Dawodu ti APC sì di èkejì mú. Nwulu ló gbé àbádòfin tó dín ọjọ́ orí àwọn olùdíje kù wá sínú ilé tí APC ti pọ̀ jù, àbádòfin tó nílò ìdá méjì nínú mẹ́ta àti ìpínlẹ̀ 24 gẹ́gẹ́ bí ti iná, ó sì di òfin ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ẹni tó bá ń sọ pé aṣòfin alátakò kò lè mú nǹkan kan wá fún àdúgbò rẹ̀ kò rántí pé Òṣòdì ti ní ọ̀kan tó yí ìwé òfin orílẹ̀-èdè padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù lọ báyìí ni Alausa. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú buwọ́ lu òfin iná Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 2024, NERC pàṣẹ kí ìṣàkóso bọ́ sọ́wọ́ àjọ tuntun ìpínlẹ̀ náà, LASERC, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 2025 sì ni wọ́n fi ṣe gbèdéke. Ohun tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe kì í ṣe kékeré: ti Enugu pàṣẹ ní 2025 pé kí owó ìpele A wálẹ̀ sí náírà 160, àwọn tó ń ṣe iná sì pariwo pé owó wọn kò ní pé. Ní Àbújá, àbádòfin àtúnṣe tí Abaribe gbé wá lọ́dún yẹn ti mú kí àwọn kọmíṣọ́nnà iná ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀hónú hàn pé wọ́n fẹ́ gba àṣẹ wọn padà. Ìjà náà tún ti padà sí ààlà tó mọ̀, àárín ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn tó ń yin òfin ọdún 2023 kò tíì kíyè sí tó. Ilé tí ọwọ́ ẹgbẹ́ púpọ̀ wà nínú rẹ̀ ló ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n ilé tí ó fi àṣẹ Èkó lé lọ́wọ́ jẹ́ ilé tí APC ti gba 38 nínú ìjókòó 40 nínú ìbò ọdún 2023. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ tí yóò fi ipá mú ẹgbẹ́ kan tọrọ ìbò lọ́wọ́ òmíràn, kò sì sí alága ìgbìmọ̀ alátakò tí yóò mú ìwé owó iná Máfolúkù jókòó níwájú àjọ náà. Nítorí náà, kí ará Òṣòdì tó bá ní ẹ̀sùn lórí ìpele, mítà tàbí owó àfojúbù kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ apíniná, bí wọn kò bá sì dáhùn, kí ó gbé e lọ sí LASERC, kí ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin méjì tí Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní ní Alausa, nítorí àwọn ni àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn báyìí, kì í ṣe Àbújá.